Kámẹ́rà Rò Pé Eérú Ni Gbogbo Wa

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú Márúwá lójú ọ̀nà Tanke, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé tí NEPA ti mú iná lọ, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á níbí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀rín àti ikọ́ nìkan la yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni tòní. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní òun ti ra kámẹ́rà, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà ojú rẹ̀ kò yé òun. Ẹlòmíràn ní kí ló dé tí ojú ènìyàn fi ń dúdú jù nínú fọ́tò fóònù òun. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan pa ejò méjì, torí ìbéèrè kan náà ni. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú tèmi.

Kámẹ́rà tí mo kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀ ni, Canon 1300D pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá a wá. Ọ̀sẹ̀ tí mo rà á ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ, níbí ní Fate. Wọ́n ní kí n wá ya ìsọmọlórúkọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àárọ̀ kùtù, àwọn àfáà ti jókòó, àga ti kún inú ọgbà, gbogbo ẹbí wọ léèsì funfun. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri ilé náà lọ́dà funfun ni. Ìyá àgbà wa gbé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n dúró níwájú ògiri yẹn. Ìyá náà dúdú, dúdú tó ń dán. Mo yí kámẹ́rà sí Auto, ibi aláwọ̀ ewé yẹn, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Fọ́tò igba àti díẹ̀ ni mo yà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo kó wọn sórí láptọ́ọ̀pù nírọ̀lẹ́, àyà mi já. Léèsì funfun ti di àwọ̀ eérú. Ojú ìyá àgbà dà bí ìdí ìkòkò. A kò rí ẹyinjú wọn, a kò rí gọ̀mbọ́ ojú wọn. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni fọ́tò mìíràn tí mo yà nínú pálọ̀: àǹtí mi kan tó wọ ẹtù, tó jókòó sórí àga dúdú. Tiwọn, ṣe ló ṣì funfun. Ara wọn rí bí ara ẹni tó gbàgbé láti fi ìpara pa ara nígbà ọyẹ́. Kámẹ́rà kan náà, ọjọ́ kan náà, ó sọ ẹnì kan di èédú, ó sọ ẹnì kejì di ẹfun.

Ìyá àgbà ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù náà wá, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta rèé?" Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní, "Mo dúdú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo lójú."

Ó dùn mí gan-an. Ọmọ kì í pé ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Nínú kámẹ́rà, ohun kan wà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Kò mọ léèsì, kò mọ ògiri, kò mọ ìyá àgbà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń rí, èrò kan ṣoṣo ló sì ní: pé tí a bá po gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán pọ̀ mọ́ra wọn, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, kì í ṣe funfun, kì í ṣe dúdú. Eérú tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe òdiwọ̀n yìí jẹ́ èyí tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára padà. Tí ohun iwájú bá funfun jù, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù títí funfun á fi di eérú. Ojú ènìyàn dúdú tó wà láàárín funfun yẹn á bá a lọ sínú òkùnkùn. Tí ohun iwájú bá dúdú jù, á rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, á fi kún un títí dúdú á fi di eérú.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ìlọrin la wà, ìlú aláṣọ òkè, ẹ ò ní wá aṣọ tì. Ẹ wá ẹtù kan, ẹ wá sányán kan, ẹ wá aṣọ funfun kan. Ẹ tẹ́ wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dọ́gba, ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó kún inú àwòrán pátápátá. Ẹtù tó yẹ kó dúdú bí aró á ṣì, aṣọ funfun á rí bíi pé kò tíì fọ̀. Sányán nìkan ló máa súnmọ́ bí ó ṣe rí lójú, torí àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí kámẹ́rà ń retí. Ìgbà tí mo ṣe èyí lọ́wọ́ ara mi ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Mo ti wo fídíò lórí YouTube bí ogún ṣáájú, kò sí èyí tó yé mi tó aṣọ mẹ́ta yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ wá rọrùn débi pé inú bí mi. Bọ́tìnnì kan wà lára kámẹ́rà tó ní àmì ìròpọ̀ àti àyọkúrò, +/–. Òun lẹ fi ń sọ fún kámẹ́rà pé, "Mo gbọ́ ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n fi kún un," tàbí "dín in kù." Lára 1300D, ẹ yí orí kámẹ́rà sí Av, ẹ di bọ́tìnnì náà mú, ẹ yí àgbá kékeré tó wà nítòsí ibi tí ẹ fi ń yà á. Lára Nikon, A ni wọ́n pe Av. Funfun bá pọ̀ níwájú yín, ẹ lọ sí +1. Dúdú bá pọ̀, ẹ lọ sí –1. Ẹ yà á, ẹ wò ó, ẹ tún un ṣe díẹ̀. Ó tán. Nínú Auto aláwọ̀ ewé yẹn, irú kámẹ́rà mi kì í jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yìí rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kúrò níbẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ fóònù lẹ ní, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fà á sókè, ojú á mọ́lẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀, á rẹlẹ̀. +/– kan náà nìyẹn, aṣọ ló pààrọ̀. Fóònù òde òní tilẹ̀ máa ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn tán an.

Ẹ ṣọ́ra o: tí ẹ bá fi kún un jù, funfun á jóná. Oníṣẹ́ ọnà ara léèsì á pòórá, ẹni tó sì ra léèsì yẹn mọ iye tó rà á. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, ẹ kọ́kọ́ yí ẹni náà kojú sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì mú un kúrò níwájú ògiri funfun bó bá ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, ojú lẹ kọ́kọ́ gbà là. Ògiri lè jóná, kò sẹ́ni tó máa gbé fọ́tò ògiri kọ́ sí pálọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtàn díẹ̀ wà níbí tí mi ò fẹ́ fò. Nígbà ayé fíìmù, àwòrán ìdánwò kan wà tí Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọ̀ dára. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà nínú rẹ̀. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí ara Shirley bá ti dára, wọ́n á ní fọ́tò ti dára. Ẹni dúdú tó dúró ti Shirley ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ ó rẹ́rìn-ín sí ohun tó mú wọn bẹ̀rẹ̀ sí tún fíìmù náà ṣe: àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi ló fẹjọ́ sùn pé àwọ̀ ọjà àwọn kò yàtọ̀ síra nínú fọ́tò. Ṣokoléètì ló gbà wá sílẹ̀! Ní 2021, Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone jáde lára Pixel 6, kí kámẹ́rà fóònù lè ya ara dúdú bó ṣe rí. Ó dára. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tòkunbọ̀ tèmi kò gbọ́ ìròyìn náà, ọwọ́ mi ló wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn nọ́ńbà. Mẹ́ta péré ló ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó nínú fọ́tò.

Àkọ́kọ́ ni aperture, ihò inú lẹ́ǹsì. Òun ni wọ́n ń kọ f sí níwájú: f/2.8, f/4, f/5.6, f/8, f/11, f/16. Ohun tó ń da orí àwọn ènìyàn rú ni pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe fẹ̀ tó. Ìpín ni, ìdí nìyẹn. Ẹni tó gé búrẹ́dì sí mẹ́rin, tirẹ̀ á tóbi ju ti ẹni tó gé e sí mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá ti ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí mo kà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù sí ìdajì. Ihò tó fẹ̀ tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ènìyàn rí bàìbàì, èyí tí gbogbo yín fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n tí àwọn ẹbí bá tò ní ìlà méjì, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ lọ sí f/8. Mo ti sọ àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́yìn di bàìbàì rí, wọn ò tíì gbàgbé.

Èkejì ni shutter, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń padé. Ìdá ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń kà á: 1/60, 1/125, 1/250. Bó bá ṣí pẹ́, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń mira á fà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Tó bá kéré sí 1/60, ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín tó ń gbọ̀n á hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, 1/100 tó o. Ẹni tó ń jó, tí wọ́n ń náwó fún, ẹ gbìyànjú 1/250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí owó lè dúró lójú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ISO. Ẹ rántí rédíò àwọn bàbá wa. Tí ilé iṣẹ́ rédíò bá jìnnà, wọ́n á yí ohùn rẹ̀ sókè. Ohùn á ròkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo "ṣììì" náà á bá a ròkè. ISO nìyẹn. Láti 100 sí 200, ìlọ́po méjì. Láti 200 sí 400, ìlọ́po méjì. Bó bá ga jù, ẹ ó rí bí iyanrìn kéékèèké lójú àwòrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù iyanrìn yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Fọ́tò tó níyanrìn tí ojú rẹ̀ ṣe kedere sàn ju fọ́tò mímọ́ tónítóní tí ojú rẹ̀ fà.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣiṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni, ẹ dúró lójú ọ̀nà Fate, oòrùn ràn, kò sí ọyẹ́. ISO 100, shutter 1/125, aperture f/16. Ó máa súnmọ́ ọn, àwọn àgbà onífíìmù kì í tilẹ̀ wo kámẹ́rà kí wọ́n tó mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán orí wa máa ń sọ ihò ojú ènìyàn di òjìji, ẹ sún ẹni náà sábẹ́ igi tàbí sábẹ́ kánópì. Níbẹ̀, f/16 kò tó mọ́, ẹ sọ ọ́ di f/5.6, ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ wọ pálọ̀ tí wíńdò wà ní ṣíṣí: f/4.5, 1/100, ISO 1600, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku á bo oòrùn bí aṣọ títa, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, ojú ènìyàn á dára gan-an. Kìkì kí ẹ má yọ lẹ́ǹsì lójú títì nígbà náà, eruku á wọlé lọ jókòó.

Nípa lẹ́ǹsì 18-55 yẹn, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti fà á lọ sí 55, kò lè fẹ̀ ju f/5.6 mọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ènìyàn dípò kí ẹ máa fà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ má súnmọ́ ojú ènìyàn ní 18, imú á tóbi ju bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ lálẹ́ ni ìdánwò gidi, àwọn tó ti ya wòlímà àti ìgbéyàwó mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó ya fọ́tò kan, ìlà dúdú á là á kọjá. Ẹ máa rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́. Iná ni. Iná ìjọba wa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ gílóòbù máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n shutter tó yára bíi 1/500 á bá a níbi tó ti ṣẹ́jú dé ìdajì. Ẹ dá a padà sí 1/100, ìlà náà á sábà lọ. Fún ijó, ẹ ó yan èyí tí ẹ lè fara mọ́, àbí kí ẹ lo fláàṣì.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹni tí kò bá lo M kì í ṣe fọ́tógíráfà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fi Av àti +/– kọ́ ojú yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Inú gbọ̀ngàn ni M ti wúlò jù: ìyàwó aláṣọ funfun á kọjá, ọkọ aláṣọ dúdú á tẹ̀lé e, kámẹ́rà á máa yí ìmọ́lẹ̀ padà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́, bẹ́ẹ̀ iná gbọ̀ngàn kò yí padà rárá. Nínú M, ẹ ó yan f/4, 1/100, ISO 3200, ẹ ó tún un ṣe lójú ẹnì kan, kò sì ní yẹ̀ mọ́. White balance tún wà, òun ló ń tún iná pupa rẹ́súrẹ́sú ṣe. RAW náà wà. Ìyẹn á dúró de ọjọ́ mìíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ rí bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wá iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 2014. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà àkọ́kọ́, Brownie D, tí kò ní fláàṣì. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló fi ìpìlẹ̀ hàn án. Ní 1954 ó wọ yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Láti 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, dídì àti kíkó, ọ̀pọ̀ wọn láti ẹ̀yìn orí. Ẹ wò ó dáadáa: irun dúdú, ọrùn dúdú, ibi tó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ohun tí Auto tèmi bàjẹ́ níwájú ògiri funfun gan-an nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ lè ka ìlà irun lọ́kọ̀ọ̀kan, ara ọrùn ń dán. Kò sì ní ojú kámẹ́rà tó ń fi fọ́tò hàn án lójú ẹsẹ̀ bíi tiwa.

Mo padà lọ bá ìyá àgbà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Wọ́n tún wọ léèsì yẹn, wọ́n dúró níwájú ògiri yẹn kan náà, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yé mi. Mo ní kí wọ́n kojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, mo lọ sí Av, f/5.6, ISO 200, mo fi +1 sí i. Gọ̀mbọ́ yọ. Ẹyinjú yọ. Wọ́n gbá láptọ́ọ̀pù mú, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n má ṣe é kó kéré. Ti ọmọ ló wá yọ mí lẹ́nu, torí kò jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, ó ń ta gbogbo ẹsẹ̀ sókè. Mo ní láti gbé ISO lọ sí 800 kí shutter tó lè dé 1/500.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fláàṣì la máa sọ. Ẹ mú aṣọ mẹ́ta yẹn dání.